Bọ́gà Mẹ́rin àti Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi

Wọ́n ní ìfura loògùn àgbà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé láti kékeré ni mo ti ń lo oògùn tèmi, n kò sì pa ọjọ́ kan jẹ. Bí ẹnìkan bá kí mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀, màá bi í pé kí ló fẹ́. Bí ẹlẹ́ran bá fún mi ní èènì láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, màá yí ẹran náà wò níwájú, màá tún yí i wò lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi mí sídìí sítọ́ọ̀ ní ilé-iṣẹ́ fóòmù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, tí kọ́kọ́rọ́ gbogbo ibi tí ìrẹsì, ẹ̀wà, òróró àti ẹran wà fi wà ní ìbàdí mi. Oníkọ́kọ́rọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè mí. Àwọn kan ń pè mí ní orúkọ mìíràn bí mo bá ti kọjá. Mo mọ orúkọ náà, mo sì mọ àwọn tó ń pè é.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ìdáná ní ilé-iṣẹ́ kan náà.

Aṣọ ilé-ìwé ṣì wà lọ́rùn mi nígbà tí wọ́n gbé e wọlé wa. Kò pe orúkọ mi rí láti ọjọ́ náà, nítorí ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Eyínafẹ́ ló sọ mí. Ó ní eyín mi gún régé. Mo wo eyín náà nínú dígí títí kí n tó gbà pé kì í ṣe pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà ń pè é ní "ìyàwó wa" títí di òní tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun. Obìnrin náà kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìfura. Bí o bá sọ fún un pé ewúrẹ́ yé ẹyin, yóò bi ọ́ pé ṣé ó ti sàba lé e. Bí oníṣòwò bá ní ẹyọ kan ló kù, yóò sáré rà á, yóò sì tún máa dúpẹ́ pé wọ́n fi pamọ́ dè é.

Àwo ló kọ́kọ́ ń fọ̀ ní kantíìnì wa. Ó fọ àwo títí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó èékánná rẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti dé ìdí àlùbọ́sà, láti ìdí àlùbọ́sà ló ti dé ìdí ìkòkò, nígbà tí ọ̀gá ìdáná àtijọ́ sì fẹ̀yìntì, òun ni wọ́n fa ibẹ̀ lé lọ́wọ́. Òun ló bá mi wá iṣẹ́ sítọ́ọ̀. Ìkòkò tí ènìyàn méjì ń gbé, kò fi ṣíbí wọn iyọ̀ sí i rí. Ó máa ń kán ọbẹ̀ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á lá a, á dijú, á wá ní, "Ó ku díẹ̀," tàbí kó ní, "Ẹ bù ú fún wọn." Àwọn tó ń gé fóòmù á wá wọlé, gbogbo orí wọn á funfun bíi tàwọn arúgbó, wọn á jẹun, wọn á sì tún fi búrẹ́dì nu abọ́.

Bọ́gà ló wá bà á jẹ́.

Ilé bọ́gà mẹ́ta ló wà ní òdìkejì títì tó kọjá níwájú ilé-iṣẹ́ wa, gbogbo wọn ló sì ní ẹ̀ka káàkiri ìlú. Orúkọ òyìnbó gígùn ni wọ́n kọ sára wọn, ṣùgbọ́n àwòrán tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ń pè wọ́n: Alágboòrùn, Alátùpà àti Ológbò. Bí aago oúnjẹ bá ti lù, ṣe ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń sọdá gìrìgìrì. Bí wọ́n bá padà dé, iṣẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀, ìrẹsì á sì ti tutù sínú ìkòkò wa.

Lọ́jọ́ kan, máníjà ránṣẹ́ pe àwa méjèèjì sí ọ́fíìsì.

"Ẹ jókòó," ló wí.

Ara fu mí lójú ẹsẹ̀. Kò sí ìgbà kankan tí ẹnikẹ́ni ti ní kí n jókòó ní ọ́fíìsì yẹn rí, àfi bí ohun tó ń bọ̀ bá máa wúwo.

"Ìyá, àwọn Ológbò ti wá bá wa," ló sọ fún ìyàwó wa. "Wọ́n fẹ́ ṣí ẹ̀ka sínú ọgbà wa níbí, níbi tí kantíìnì wà gan-an. Àwọn ọ̀gá òkè ti fẹ́ gbà. Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣì fún yín láyè. Ẹ lọ káàkiri ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ jẹ tiwọn, ẹ wo èyí tó dára jù, kí ẹ wá ṣe tiwa tó máa bá a dọ́gba. Bí oṣù bá parí, a máa kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí tábìlì. Ẹ máa tọ́ wọn wò lójú wa, ẹ máa sọ èyí tó jẹ́ ti ta ni."

"Kí ló dé tí ẹ̀yin ò ní tọ́ ọ wò fúnra yín?" ni mo bi í.

"Oníkọ́kọ́rọ́, èmi kì í ṣe alásè. Alásè tí ò bá lè mọ adùn tiẹ̀ yàtọ̀ sí tẹni tó fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kí la fẹ́ sọ fáwọn ọ̀gá pé a torí ẹ̀ fi ìdáná sílẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara. Bí ìdáná bá lọ, ọ̀gá ìdáná lọ nìyẹn, sítọ́ọ̀ lọ, èmi àti kọ́kọ́rọ́ mi náà lọ. Ìyàwó wa rẹ́rìn-ín, ó ní Ọlọ́run á ṣe é. Ṣùgbọ́n bí a ṣe jáde, mo rí i pé ó ń fi ìka ká etí gèlè rẹ̀ mọ́ra wọn, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Ẹni tó ti ń se oúnjẹ fún ogunlọ́gọ̀ ènìyàn láti ọdún gbọọrọ, kí ni bọ́gà jẹ́ tó fi ń gbọ̀n?

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ara ti ń fu mí sí i. Láti oṣù mélòó kan sẹ́yìn ló ti wá gba ṣíbí ní sítọ́ọ̀. Ó ní òun fẹ́ máa fi wọn iyọ̀. Ó tún ń fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí iyọ̀ náà kó lè tẹ́jú. Èyí nìkan kọ́. Lọ́sàn-án gbogbo, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ, á bu díẹ̀ sínú abọ́ kékeré, á fi ẹran tó jọjú lé e, á wá pè mí: "Eyínafẹ́, ẹ gbà, ẹ tọ́ ọ wò." Tẹ́lẹ̀ rí, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó rántí bí mo bá ti jẹun.

Mo sọ nínú ara mi pé ẹnu jẹ, ojú tì. Ó ń fi ẹran dí mi lẹ́nu ni. Ẹran ń lọ láti ìdáná yìí, kò sì fẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ẹran láàárọ̀, mo ń wọn ún nígbà tí wọ́n bá gé e tán, mo ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn wo ẹni tó gbé báàgì jáde. Nǹkan kan ò dín. Ọkàn ẹlòmíràn ì bá balẹ̀. Tèmi ò balẹ̀ rárá, nítorí olè tí a ò rí ohun tó jí, olè ńlá ni.

Ọjọ́ tí ẹ̀wà jóná ni ìfura mi yí ojú padà. Inú sítọ́ọ̀ ni mo wà, lẹ́yìn ilẹ̀kùn méjì, tí òórùn jíjóná fi bá mi níbẹ̀. Mo sáré dé ìdáná. Ìyàwó wa dúró ti ìkòkò náà gbágbáágbá, ó ń gé kárọ́ọ̀tì, ó ń kọrin lábẹ́ ẹnu.

"Ìyàwó wa, ẹ ò gbóòórùn ni?"

"Òórùn kí ni?" Ó wo ojú mi, ó sì yára pa iná. "Áà, mo ti gbọ́ o. Mo fẹ́ pa á ni ẹ wọlé yẹn."

Irọ́ ni. Mo padà sí sítọ́ọ̀, mo jókòó lórí àpò ìrẹsì, mo rò ó wò. Kí ọ̀rọ̀ ṣíbí tó bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀fìnkìn burúkú kan ti dá a dùbúlẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé imú rẹ̀ àti ahọ́n rẹ̀ ti kú, tí máníjà sì fẹ́ gbé bọ́gà mẹ́rin síwájú rẹ̀ pé kó tọ́ ọ wò, a ti tán. Ṣùgbọ́n báwo ló ṣe wá ń se ọbẹ̀ tó ń dùn? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo ní kò sí ilé bọ́gà tó máa dá lọ. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i.

Ilé Alágboòrùn la kọ́kọ́ lọ. Àwòrán bọ́gà tó wà lára ògiri wọn ga bí ilé alájà. Èyí tí wọ́n gbé fún wa rí bí ohun tí ẹnìkan ti jókòó lé. Mo ṣí i wò. Ẹran inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì rí róbótó, kò sí ibi tó ti wọ́.

"Màlúù wo ló ní ẹran róbótó?" ni mo bi ọmọbìnrin tó gbé e wá.

"Ẹ̀rọ ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, mà."

"Ẹ̀rọ náà dà?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ìyàwó wa ti gé tirẹ̀ jẹ. Mo bi í pé báwo ló ṣe rí i. Ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́?" Mo ní ṣúgà pọ̀ jù lára búrẹ́dì wọn. Ó jẹ díẹ̀ sí i, ó mi orí, ó ní, "Àbí ẹ ò rí i bí búrẹ́dì yìí ṣe dùn jù." Mo gbọ́, mo sì fi sínú.

Nígbà tó di ti Alátùpà, mo pinnu pé n kò ní sọ nǹkan kan. Ibẹ̀ mọ́, ó tutù, àga wọn ń yọ̀ bíi pé wọn ò fẹ́ kéèyàn pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n fi wàràkàṣì sí tiwọn, wọ́n tún tẹ́ kùkúḿbà tí wọ́n rẹ sínú omi kíkan sí i. Mo jẹ ẹ́, mo pa ẹnu mọ́, mo tẹjú mọ́ títì. Ó pẹ́ díẹ̀. Ìyàwó wa nu ẹnu.

"Eyínafẹ́, ti ibí yìí mà kan o," ló wí. "Omi kíkan yẹn ti borí ẹran."

Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn! N kò tíì la ẹnu. Bóyá ahọ́n rẹ̀ ò kú, bóyá èmi ni orí mi ń dàrú. Mo bínú wọlé lọ́jọ́ náà, bí ẹni tó dọdẹ ẹran tí ẹran náà sì kí i.

Ológbò ló kù. Ológbò tó ró aṣọ ìdáná mọ́dìí ni wọ́n yà sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ẹsẹ̀ kan juwọ́ sí èrò. Mo dúró wò ó dáadáa. Ta ni yóò máa ta ẹran lílọ̀ tí yóò wá ya ológbò sẹ́nu ọ̀nà? Ṣé kò rí ẹranko mìíràn ni? Ìyàwó wa ní ológbò náà wù òun. Ó ní ẹ̀rín rẹ̀ dára.

Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bọ́gà wọn dùn. Ẹran rẹ̀ nípọn, ó rọ̀, wọ́n sun àlùbọ́sà rẹ̀ títí ó fi pọ́n, wọ́n wọ́n hóró yánmọtí kéékèèké sórí búrẹ́dì. Nígbà tí ìyàwó wa lọ fọ ọwọ́, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Iyọ̀ tí wọ́n dì sínú bébà kéékèèké wà lórí tábìlì. Mo ṣí bọ́gà tirẹ̀, mo ya bébà iyọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dà á sórí ẹran títí ó fi funfun, mo dé búrẹ́dì padà. Mo gbé tèmi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Ó dé, ó jókòó, ó gé tirẹ̀ jẹ. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń wò mí. Ó tún gé òmíràn.

"Ibí yìí ló dùn jù," ló wí. "Iyọ̀ rẹ̀ ṣe déédéé."

Ohun tí mo ti ń dọdẹ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá ti bọ́ sí mi lọ́wọ́, n kò sì mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí. Mo na ọwọ́, mo gba bọ́gà náà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má jẹ ẹ́ mọ́." Búrẹ́dì yẹ̀, ó rí iyọ̀ tó funfun lórí ẹran. Ó wò ó títí. Ó fi bébà bò ó bí ẹni bo ojú òkú.

"Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé," ló wí.

Ilé rẹ̀ la lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì dé láti ibi iṣẹ́. Mi ò jókòó.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà ọ̀fìnkìn yẹn. Mi ò gbóòórùn nǹkan kan, mi ò mọ iyọ̀, mi ò mọ ṣúgà. Gbogbo ohun tí mo bá fi sẹ́nu, bí ẹni ń jẹ fóòmù ni."

"Ẹ̀gbọ́n mi mọ̀?"

"Kò mọ̀. Ta ló fẹ́ gba alásè tí ahọ́n ẹ̀ ti kú, Eyínafẹ́?"

"Báwo lẹ ṣe wá ń sè é?"

Ó wo ilẹ̀. "Ojú yín ni."

"Ojú mi báwo?"

"Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣé ẹ rí i. Bí iyọ̀ bá kéré, ẹ máa ń fi imú ṣe báyìí." Ó fi imú tirẹ̀ ṣe é, mo sì rí ara mi níbẹ̀. "Bí ata bá pọ̀, ojú òsì yín ló máa ń kọ́kọ́ pa dé. Bó bá kan, ẹ máa ń fa ètè sínú. Bó bá sì dùn, ẹ máa ń bínú."

"Mo máa ń bínú?"

"Ẹ máa ń fajú ro bí ẹni tó ń wá ẹ̀sùn tí kò rí. Bí mo bá ti rí i bẹ́ẹ̀, mo máa ní kí wọ́n bù ú."

Inú bí mi débi pé etí mi ń gbóná. Èmi tí mo ti ń gbéra ga pé kò sẹ́ni tó lè mọ ohun tó wà nínú mi! Èmi tí mo ń wọn ẹran láàárọ̀ láàárọ̀, tí mo ń fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn nítorí rẹ̀, ṣe ló ti ń kà mí bí ẹni ka àkọlé ẹnu ọ̀nà. N kò rántí mọ́ pé ó jù mí lọ.

"O sọ mí di ṣíbí," ni mo wí. "O ò bi mí. O ò sọ fún mi. O kàn mú mi, o ń fi mí ro ọbẹ̀."

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ojú tèmi, mi ò yá ọ mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé bọ́gà síwájú ẹ, wo ògiri."

Mo ti ilẹ̀kùn gbàgà, mo lọ.

Kò pè mí láti tọ́ nǹkan kan wò mọ́. Ṣíbí nìkan ló kù fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn; lónìí wọ́n á ní ọbẹ̀ tẹ́, lọ́la wọ́n á ní iyọ̀ pọ̀ jù. Ó ń wá gba ẹran lílọ̀ ní sítọ́ọ̀, ó ń ṣe bọ́gà tiwa lẹ́yìn iṣẹ́, òun nìkan. Bí ti Ológbò ló fẹ́ kó rí. Ó ń fi ọwọ́ tẹ ẹran náà wò títí yóò fi nípọn bíi tiwọn, ó ń sun àlùbọ́sà títí yóò fi pọ́n bíi tiwọn. Èyí tó kù, ahọ́n ló ń sọ ọ́, kò sì ní in. Mo ń gba ẹ̀gbẹ́ ìdáná kọjá, mo ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi nílé. Ó ní, "Kí lẹ fi ń bá ara yín jà? Ìyàwó mi ò jẹun, kò sùn. Mo bi í, ó ní kò sí nǹkan kan." N kò lè sọ fún un. Bó ṣe lọ tán, mo jókòó, mo ro ọ̀rọ̀ náà. Ó yé mi pé ní gbogbo oṣù tí mo fi ń pè é lólè nínú ara mi, ojú mi ló fi gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lé, kò sì béèrè rí bóyá ojú náà lè tàn án jẹ. Kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ìbínú mi rọ̀. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n lọ sọ fún un, ṣùgbọ́n ẹnu mi wúwo. Èmi kọ́ ni mo ṣẹ̀ ẹ́, kí ni màá tún máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀ sí? Mo ní bí ọjọ́ náà bá dé, màá dúró sí ọ̀ọ́kán rẹ̀, màá ṣí ojú mi sílẹ̀ fún un. Yóò rí i fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ náà dé. Yàrá ìpàdé ni wọ́n ti ṣe é. Máníjà wà níbẹ̀, àwọn ọ̀gá méjì láti òkè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Máníjà ti ní kí akọ̀wé rẹ̀ kó ohun inú bọ́gà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáàárín búrẹ́dì kan náà, kó gé wọn wẹ́wẹ́, kó kó wọn sínú àwo funfun mẹ́rin. Ó ní òun ò fẹ́ kí ojú ran ahọ́n lọ́wọ́. Wọ́n ti fi bébà kékeré pélébé sábẹ́ àwo kọ̀ọ̀kan, àmì ẹni tó ni ín wà lára rẹ̀.

"Oníkọ́kọ́rọ́ ńkọ́?" ni mo wí. "Sítọ́ọ̀ mi ni ẹran tiwa ti wá. Ó yẹ kí èmi náà tọ́ ọ wò."

"Ẹ tọ́ ọ wò, ṣùgbọ́n ẹ má sọ̀rọ̀ o," ni máníjà wí. Mo lọ dúró sí òdìkejì tábìlì.

Ìyàwó wa mú nínú àwo àkọ́kọ́. Ó rún un. Ẹran fẹ́lẹ́ ni, eyín lásán ti tó láti mọ̀ ọ́n. "Ti Alágboòrùn nìyí." Nínú àwo kejì, ó rí kùkúḿbà. "Ti Alátùpà." Máníjà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá ku méjì, méjèèjì nípọn, méjèèjì ní àlùbọ́sà pípọ́n. Ó ti fara wé ti Ológbò débi pé òun fúnra rẹ̀ ò lè fi ojú mọ tirẹ̀ mọ́.

Mo mú nínú àwo kẹta. Ológbò ni, n kò lè ṣì í. Mo mú nínú ìkẹrin. Tiwa ni. Iyọ̀ rẹ̀ ku díẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ìyàwó wa wà nínú rẹ̀.

Ìyàwó wa tọ́ méjèèjì wò. Ó kọ́kọ́ wo ògiri, bí mo ṣe sọ fún un. Ó wá rọra gbé ojú sókè wò mí.

Mo ṣí ojú mi sílẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kan àwo kẹta, mo mi orí díẹ̀ pé rárá. Nígbà tó kan ìkẹrin, mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo rẹ́rìn-ín dáadáa, gbogbo eyín mi ló yọ síta.

Ó dúró. Ó ń wo ẹ̀rín náà. N kò rẹ́rìn-ín sí oúnjẹ rí láyé mi. Kò sí ibi tó ti bá a pàdé lójú mi. Mo rí i bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo rí ìfura tó rọra wọ ojú rẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, nítorí ará ilé mi ni. Mo fẹ́ pariwo. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́, mo tẹ gbogbo ara mi sí ìhà ìkẹrin. Bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ tó ni ojú rẹ̀ ń le sí i.

"Ìyá, èwo ni tiwa?" ni máníjà béèrè.

"Ìkẹta."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

Ó tún wò mí lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ó dá mi lójú. Ìkẹta ni tiwa."

Máníjà gbé àwo kẹta, ó fa bébà abẹ́ rẹ̀ yọ. Àwòrán ológbò tó ró aṣọ mọ́dìí wà lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá òkè wo èkejì, ó pa ìwé iwájú rẹ̀ dé. Máníjà ní, "Ẹ ṣeun, ìyá. Ẹ ṣeun gan-an." Irú "ẹ ṣeun" tí wọ́n fi ń sin èèyàn dé ẹnu ọ̀nà ni.

Nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ lóde, ìyàwó wa dúró.

"Eyínafẹ́, ìkẹrin lẹ ń fi hàn mí?"

"Ìkẹrin ni."

"Òótọ́ lẹ ń sọ fún mi?"

"Òótọ́ ni mò ń sọ fún yín, ìyàwó wa."

Ó gbé ọwọ́ sí àyà. "Mo rò pé ẹ ń gbẹ̀san ni," ló wí.

Ó tú okùn aṣọ ìdáná lẹ́yìn ara rẹ̀, ó bọ́ ọ, ó ká a, ó sì fi há abẹ́ apá. Èmi náà yọ kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ ní ìbàdí, mo lọ gbé e lé orí tábìlì akọ̀wé. Nígbà tí mo fi máa jáde, ó ti ń sọdá títì lọ, òun nìkan.